Bí A Ṣe Ń Fi Orin Heavy Metal Sinmi ní Òpin Ọ̀sẹ̀

Ìrọ̀rùn ọwọ́ wà lára ohun tó bí ìwúwo orin heavy metal. Tony Iommi, onígìtá ẹgbẹ́ Black Sabbath láti ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàdánù ṣóńṣó ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ irin nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń tẹ okùn gìtá, nítorí náà ọwọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni ìjàǹbá náà bá. Ó fi ike ṣe fìlà fún àwọn ìka náà, ó wá okùn tó tín-ín-rín, nígbà tó sì fi máa di ọdún 1971 tí àwo Master of Reality jáde, ó ti dẹ okùn gìtá sílẹ̀ ní ìdajì ohùn mẹ́ta kí wọ́n má baà máa ni ín lára. Okùn tó dẹ̀ yẹn ló ń kùn nísàlẹ̀, tí àyà fi ń gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́ ọ.

Ẹni tó bá fẹ́ fi métàlì sinmi, okùn tó dẹ̀ ni kó máa wá kiri. Ìwúwo kọ́ ló ń dá etí lágara nínú orin yìí. Eré àsápajúdé tí ìlù ń sá, ohùn tó ń ké láìdákẹ́, àti gbígba ohùn sílẹ̀ lọ́nà tí kò fi sí ibi gíga tàbí ibi tó rẹlẹ̀, àwọn wọ̀nyí ló ń dá a lágara. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, tó fi ìwúwo nìkan sílẹ̀, yóò rí orin tó lè gba odidi ọ̀sán Sátidé láìjẹ́ pé orí fọ́ ọ.

Kí orin tó wọ àkójọ

Ẹ dán orin kọ̀ọ̀kan wò fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ má fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣèdájọ́, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn olórin métàlì ti ń fi gìtá onígi ta wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí gbogbo ilé tó wó lulẹ̀. Ẹ sún un dé ìdajì, ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ sún un dé ibi tó ku ìṣẹ́jú kan kó parí, ẹ gbọ́ ìyẹn náà.

Ìlù la kọ́kọ́ ń wò. Ẹ wo aago, ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ yín fẹ́ tẹ ilẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ wá fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ó bá bọ́ sáàárín 50 sí 90, orin ìsinmi ni. Èyí tó wà láàárín 90 sí 120 ṣì lè wọ apá ìbẹ̀rẹ̀. Orin thrash, ẹ̀ka métàlì tó ń sáré, sábà máa ń kọjá 180, ọjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Ìdẹkùn kan wà níbẹ̀ ṣá o: onílù métàlì a máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì lu ìlù ńlá tó wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ náà lè máa sáré bí òjò tó ń lu páànù nígbà tí orin fúnra rẹ̀ ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá rú yín lójú, snare ni kí ẹ kà, ìyẹn ìlù tó ń dún pá láàárín. Ó sábà máa ń dún lẹ́ẹ̀kan nínú ìlù méjì, torí náà mẹ́jọ ni kí ẹ fi sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, ìlù 80 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn.

Ohùn ló tẹ̀ lé e. Àwọn akọrin kan ń kọrin geere, àwọn mìíràn ń bú ramúramù bíi kìnnìún tàbí kí wọ́n máa han bí irin tó ń họ irin. Ramúramù kì í ṣe àléébù, ohun èlò orin ni lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Àmọ́ igbe jẹ́ ìkìlọ̀ ewu fún ara ènìyàn, ó sì máa ń pẹ́ kí ara tó gbà pé orin lásán ni. Ẹni tí kò tíì mọ́ lára, kí ó bẹ̀rẹ̀ lórí ohùn geere, tàbí orin tí kò ní ohùn ènìyàn rárá.

Ọ̀pọ̀ ń sá fún orin gígùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orin gígùn ló ń sinmi ènìyàn jù. Nínú wákàtí kan, orin oníṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta yóò mú kí etí bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nígbà ogún. Orin oníṣẹ́jú mẹ́jọ sí méjìlá máa ń jẹ́ kí ara jókòó, kí ẹ gbàgbé pé ẹ ń retí ohun tó kàn.

Èyí tó kẹ́yìn ni bí wọ́n ṣe gba orin náà sílẹ̀. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ló ti wọ́pọ̀ kí wọ́n máa tẹ ohùn pọ̀ kí àwo kan lè dún ju òmíràn lọ; ibi tó yẹ kó rẹlẹ̀ ni wọ́n ń gbé sókè bá ibi gíga. Àwo Death Magnetic tí ẹgbẹ́ métàlì Metallica gbé jáde lọ́dún 2008 ni àwọn olólùfẹ́ orin fi ń ṣe àpẹẹrẹ jù lọ: àwọn orin kan náà, bí wọ́n ṣe dún nínú eré kọ̀ǹpútà Guitar Hero, rí àyè mí ju ti inú àwo lọ. Etí tó ń gbọ́ ohùn tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ kò ríbi fìdí lé, yóò rẹ̀ ẹ́ bí orin náà tilẹ̀ falẹ̀. Láti dá a mọ̀, ẹ dín ohùn kù títí ẹ óò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ mọ́. Bí ẹ bá ṣì ń gbọ́ ìlù tó ń dún pá, tó yọ kúrò lára gìtá, ó dára. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti di họ̀ọ̀ kan ṣoṣo, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Àwọn àwo tó yẹ kó wà lọ́wọ́

Bí a bá ní ká mú ẹyọ kan fún ẹni tí kò gbọ́ métàlì rí, Damnation ti Opeth la máa mú. Swídìn ni ẹgbẹ́ náà ti wá, ramúramù àti orin gígùn tó ń yí bírí sọ́tùn-ún sósì ni wọ́n sì mọ̀ wọ́n mọ́. Lọ́dún 2003 wọ́n gbé àwo yìí jáde láìsí ramúramù kankan nínú rẹ̀. Gìtá rẹ̀ mọ́, Mellotron sì ń rìn lẹ́yìn, ìyẹn irú dùùrù àtijọ́ kan tí ohùn rẹ̀ dà bí fèrè àti gòjé tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Steven Wilson, olórin ará Gẹ̀ẹ́sì, ló bá wọn ṣe é. Ìṣẹ́jú 43 ni gbogbo rẹ̀; orin àkọ́kọ́, Windowpane, fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ rìn láìsáré rárá. Ìdí tí a fi fẹ́ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ni pé ó ṣì jẹ́ métàlì lábẹ́lẹ̀. Ẹ óò gbọ́ ọ nínú ìbànújẹ́ orin náà, nínú bí ìlù ṣe ń yí ìrìn padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àti nínú bí gìtá ṣe ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ títí yóò fi wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ràn Damnation kò tíì kúrò nínú ilé, yàrá tó dákẹ́ jù nínú rẹ̀ ló wọ̀.

Jar of Flies ti Alice in Chains, ẹgbẹ́ láti Seattle ní Amẹ́ríkà, ló tẹ̀ lé e. Oṣù kìíní ọdún 1994 ló jáde, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n sì fi gbà á sílẹ̀. Òun ni àwo kékeré àkọ́kọ́ tó bọ́ sípò kìíní lórí Billboard 200, àtẹ àwọn àwo tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Orin méje, nǹkan bí ìṣẹ́jú 31. Gìtá onígi pọ̀ nínú rẹ̀, ohùn Layne Staley àti ti Jerry Cantrell sì ń so mọ́ ara wọn lọ́nà tó ń dun ni, tó tún ń tuni lára. Orin tó kẹ́yìn, Swing on This, ń ta pọ́ún-pọ́ún ju ìyókù lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwo náà parí síbi tó dákẹ́, ẹ dá a dúró kó tó dé ibẹ̀.

Fún ìwúwo gan-an, ẹ lọ sí doom, ẹ̀ka tó ń rìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Sorrow and Extinction ti Pallbearer, láti Little Rock ní ìpínlẹ̀ Arkansas, jáde lọ́dún 2012. Orin márùn-ún péré ló wà nínú rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 50. Gìtá onígi ló ṣílẹ̀kùn àwo náà, lẹ́yìn náà ni gìtá oníná wọlé bí ìgbà tí ìkùukùu bá bo òkè. Ohùn geere ni akọrin fi ń kọ ọ́, ó ga, kò le. Àwo yìí ló fi hàn jù lọ pé gìtá lè kùn débi tí ìjókòó yóò fi máa gbọ̀n, kí ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ sì máa tòògbé.

The Bees Made Honey in the Lion's Skull ti ẹgbẹ́ Earth, ọdún 2008, kò ní ohùn ènìyàn. Dylan Carlson ló ń ta gìtá, Bill Frisell, gbajúmọ̀ onígìtá jáàsì, sì wá bá wọn ta díẹ̀ níbẹ̀. Ìlù rẹ̀ falẹ̀ débi pé ẹ lè mí sínú, kí ẹ mí síta, láàárín lílù méjì. Ẹni tó ń kàwé tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ni àwo yìí bá lára mu jù, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tó ń bá ọ̀rọ̀ inú ìwé jà.

Alcest, láti ilẹ̀ Faransé, ni ẹ̀yin tó fẹ́ràn orin tó mọ́lẹ̀ yóò gbádùn. Souvenirs d'un autre monde ti ọdún 2007 gba bí gìtá black metal, ẹ̀ka métàlì tó kún fún igbe, ṣe ń rọ̀ bí òjò láìdánudúró, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ lé e lórí. Ó dà bí òjò tí oòrùn ń ràn sí. Ulver láti Nọ́wè ṣe Kveldssanger lọ́dún 1996: gìtá onígi, sẹ́lò, àti ohùn ọkùnrin tí wọ́n tò léra bí ẹgbẹ́ akọrin. Kò tó ìṣẹ́jú 40. Ó yẹ kí àwo yìí wà nílé gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ìrọ̀lẹ́, àmọ́ ìkìlọ̀ ńlá wà lórí rẹ̀ tí a óò sọ láìpẹ́.

Àwọn ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ wọn tún máa ń bọ́ ẹ̀wù irin kúrò lára orin ara wọn. Katatonia, àwọn ará Swídìn, gbé Dead End Kings jáde lọ́dún 2012; ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún orin inú rẹ̀ ṣe, wọ́n yọ ìlù àti gìtá líle kúrò, wọ́n sì pè é ní Dethroned & Uncrowned. Ẹ gbọ́ ti ọdún 2013 lọ́jọ́ Sátidé, ẹ gbọ́ ti ọdún 2012 lọ́jọ́ Àìkú. Orin tí etí ti mọ̀ ní rírọ̀ kì í dẹ́rù bani mọ́ nígbà tó bá gbé irin wọ̀. Kò sí ọ̀nà tó yá ju èyí lọ láti kọ́ etí ní ìwúwo.

Orin ẹyọ kan tó dákẹ́ láàárín àwo aláriwo

Ibí ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí. Black Sabbath ní Planet Caravan nínú Paranoid ti ọdún 1970, orin tó ń léfòó, tí wọ́n mú ohùn Ozzy Osbourne gba inú spíkà tó ń yí po kó lè dún bí ohùn abẹ́ omi. Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni Iron Man wọlé, gbì, gbì, gbì. Metallica ní Orion nínú Master of Puppets ti ọdún 1986, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ààbọ̀ láìsí ọ̀rọ̀ kankan, apá àárín rẹ̀ sì wà lára ohun tó dùn jù tí gìtá béèsì ti ṣe nínú métàlì. Damage, Inc. ló kàn lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan lára orin tó yára jù nínú àwo náà. Ẹni tó ti ń tòògbé yóò fò dìde.

Irú àwọn orin yìí, inú àkójọ tí ẹ fúnra yín tò ni kí ẹ kó wọn sí, ẹ má gbọ́ wọn láti inú àwo. Ẹ tún lè fi Solitude láti inú Master of Reality kún un, Changes láti inú Vol. 4 ti ọdún 1972, tí dùùrù ń gbé rìn, àti Journeyman tí Iron Maiden fi parí Dance of Death lọ́dún 2003, gìtá onígi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ má kó ju mẹ́jọ lọ sínú àkójọ kan. Orin tó dákẹ́ láti inú àwo mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní yàrá mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ń yí ohùn padà lójijì; bó bá ti pọ̀ jù, ìyípadà yẹn á di iṣẹ́ fún etí. Odidi àwo ló sàn jù láti fi ṣe ìpìlẹ̀.

Ètò ọ̀sán kan

Ètò tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa rèé, kò sì pé wákàtí mẹ́ta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Jar of Flies, ìṣẹ́jú 31. Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ gbé Sorrow and Extinction lé e, ìṣẹ́jú 49. Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dìde, ẹ mu omi. Damnation ló kàn, ìṣẹ́jú 43, kí Kveldssanger wá pa ilẹ̀kùn dé.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí ní ìdí. Etí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú kìràkìtà ọ̀sẹ̀ bọ̀ ṣì ń sáré. Bí ẹ bá fún un ní orin tó falẹ̀ jù lójú ẹsẹ̀, ojú fóònù ni yóò máa wò. Orin tó ní ìrìn díẹ̀ ni kí ẹ fi pàdé rẹ̀. Èyí tó wúwo jù bọ́ sípò kejì, nígbà tí etí ti balẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì rẹ̀ ẹ́. Láti ibẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ẹ ń lọ: ìlù ń dín kù, gìtá ń rọ̀, títí yóò fi ku okùn àti ohùn nìkan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn fi orin rírọ̀ bẹ̀rẹ̀, kó máa gòkè lọ sórí èyí tó le. Bí wọ́n ṣe ń tò ó níwájú èrò lórí pèpéle nìyẹn, láti mú wọn dìde. Ẹ̀yin fẹ́ jókòó.

Ẹ má fojú kéré ìdákẹ́jẹ́ àárín. Gìtá tó ń kùn kì í fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ohùn rẹ̀, gbogbo àyè ló ń kún, nítorí náà láàárín àwo kan sí èkejì nìkan ni etí ti ń rí ìsinmi.

Fóònù àti áàpù orin

Ẹ pa shuffle, tó ń da ètò orin rú. Ẹ pa autoplay pẹ̀lú, òun ló léwu jù: bí àwo bá ti parí, áàpù á mú ohun tó rò pé ó jọ ọ́, orúkọ ẹgbẹ́ ló sì sábà máa ń wò, kì í ṣe bí orin ṣe rí. Ìkìlọ̀ orí Kveldssanger nìyẹn. Àwo tí Ulver ṣe tẹ̀ lé e lọ́dún 1997, Nattens madrigal, wà lára àwo black metal tó le jù, tó sì ń han jù tí wọ́n gbà sílẹ̀ rí. Láti orí sẹ́lò bọ́ sórí ìyẹn láìròtẹ́lẹ̀, àyà á já, gbogbo iṣẹ́ ọ̀sán á sì dà nù.

Ẹ gbé crossfade, tó ń da ìparí orin kan pọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn, sí òdo, nítorí pé ó ń gé ìparí orin tó ń falẹ̀ parẹ́. Ìparí yẹn wà lára ìsinmi náà. Bí gapless, tó ń mú kí orin tẹ̀ lé ara wọn láìsí àlàfo, bá wà, ẹ ṣí i, kí orin tó so mọ́ra má baà já. Ètò tó ń mú kí gbogbo orin dún bákan náà wúlò, ṣùgbọ́n bí áàpù yín bá jẹ́ kí ẹ yàn, ti àwo ni kí ẹ yàn, kì í ṣe ti orin kọ̀ọ̀kan. Ti orin kọ̀ọ̀kan á gbé orin jẹ́jẹ́ sókè bá orin líle, ohun tí olórin mọ̀ọ́mọ̀ mú rẹlẹ̀ á wá ga. Ẹ kó àwọn àwo náà sórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí íntánẹ́ẹ̀tì má baà já yín kulẹ̀ láàárín orin oníṣẹ́jú méjìlá.

Ìdí tí métàlì fi ń dún bí ìwé tó ń ya bí a bá dín ohùn rẹ̀ kù

Harvey Fletcher àti Wilden Munson tẹ ìwádìí wọn jáde lọ́dún 1933, wọ́n fi hàn pé bí ohùn bá ti ń rẹlẹ̀ sí i, etí ènìyàn ń pàdánù ohùn ìsàlẹ̀ kíákíá ju ohùn àárín lọ. Fún métàlì, ọ̀rọ̀ ńlá lèyí. Okùn gìtá tó nípọn jù ń dún ní nǹkan bí hertz 82, ìyẹn iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá dẹ̀ ẹ́ bí Iommi ṣe dẹ tirẹ̀, ó di nǹkan bí 69, ti gìtá béèsì sì jẹ́ ìdajì rẹ̀. Bí ẹ bá dín ohùn kù, àwọn wọ̀nyí ló kọ́kọ́ ń lọ. Ohun tó ń ṣẹ́kù ni híhan gìtá àti aro idẹ (cymbal) tí onílù ń lù, láàárín hertz 2,000 sí 5,000, ibi tí etí ti mú jù. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi ń dín ohùn kù kó lè sinmi, kí orin náà sì máa gún un létí sí i.

Inú equalizer, ibi tí a ti ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, ti àárín tàbí ti òkè sókè tàbí sílẹ̀ nínú áàpù, la ti ń tún un ṣe, ọ̀nà kan ló sì wà láti gbà. Ẹ kọ́kọ́ fa preamp, ìyẹn agbára gbogbo ohùn lápapọ̀, sílẹ̀ ní dẹ̀síbẹ́lì (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń pariwo tó) 4, nítorí ẹ fẹ́ gbé ohùn kan sókè, bí kò bá sì sí àyè fún un, ohùn á fọ́. Ẹ gbé agbègbè 60 sí 100 hertz sókè ní 3. Ẹ fa agbègbè 3,000 sílẹ̀ ní 2. Bí aro idẹ bá ṣì ń ṣe ṣìì létí, ẹ fa 8,000 náà sílẹ̀ ní 1 tàbí 2. Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá gbé béèsì sókè ní 8 tàbí 10 yóò rí i pé gìtá àti ìlù ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀, pàápàá nínú doom, tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

Spíkà inú fóònù kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ wọ̀nyí jáde, equalizer kò sì lè ràn án lọ́wọ́. Fífọ́ ni yóò máa fọ́. Spíkà Bluetooth kékeré ṣe é lò. Ẹ má gbé e sí igun yàrá, torí igun máa ń mú béèsì wú. Bí ohùn bá ń wú, ẹ fà á kúrò lára ògiri ní ìdajì mítà, ẹ tún gbọ́ ọ. Bí spíkà bá jẹ́ méjì, àlàfo àárín wọn àti àlàfo láti ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ibi tí ẹ jókòó gbọ́dọ̀ dọ́gba, mítà méjì bí àpẹẹrẹ, kí wọ́n sì ga dé etí yín. Nínú headphone, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ló tu ara jù fún wákàtí gígùn, nítorí gìtá kì í há mọ́ inú orí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó wà ní yàrá náà yóò máa gbọ́ ọ.

Ní ti etí fúnra rẹ̀, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí àgbàlagbà má kọjá dẹ̀síbẹ́lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá fi 3 kún un, àkókò á dín sí ìdajì: 83, wákàtí 20, 86, wákàtí 10, 89, wákàtí 5. Fún ìsinmi, 60 sí 70 tó. Ẹ lè fi ọ̀rọ̀ sísọ wọ̀n ọ́n: bí ẹni tó jìnnà sí yín ní gígùn apá kan bá ní láti gbé ohùn sókè kí ẹ tó gbọ́, orin ti pọ̀ jù. Bí etí bá hó lẹ́yìn àwo kan, ẹ pa á fún ọjọ́ yẹn.

Bí ọkàn bá rẹ̀wẹ̀sì

Ọ̀rọ̀ inú doom kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayọ̀. Ikú, ìpàdánù àti àbámọ̀ ni wọ́n ń kọ lórin jù. Ọ̀pọ̀ ló ń rí ìtùnú níbẹ̀, nítorí orin náà kò díbọ́n fún wọn pé ohun gbogbo dára. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ìbànújẹ́ bá ti wà nílẹ̀, àwo tí kò ní ọ̀rọ̀ ni kí ẹ mú: Earth, tàbí Pelican láti Chicago, tí gìtá wọn ki, tó sì mọ́lẹ̀. Bí lẹ́yìn àwo kan ọkàn bá wúwo ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ má fi doom mìíràn tẹ̀ lé e. Ẹ fò lọ sí Alcest.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ etí ní ramúramù

Ẹ má kánjú sí i. Ẹ gbọ́ àwọn àwo òkè yìí fún òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìpààrọ̀, kí etí mọ gìtá dunjú. Lẹ́yìn náà ẹ mú Écailles de Lune, tí Alcest ṣe lọ́dún 2010. Ohùn jẹ́jẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, igbe kàn ń yọ láwọn ibì kan, ó jìn sẹ́yìn, gìtá sì bò ó. Bí igbe náà bá dé, ẹ má wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ bí ẹ ṣe ń gbọ́ aro idẹ, bí ohùn kan láàárín ohùn púpọ̀. Tí kò bá já yín láyà mọ́, ó ku Mirror Reaper ti Bell Witch, àwọn méjì láti Seattle tí kò lo gìtá, béèsì àti ìlù ni wọ́n fi ń ṣe orin. Ọdún 2017 ló jáde, orin kan ṣoṣo tó gba ìṣẹ́jú 83, wọ́n sì fi apá kan rẹ̀ ṣèdárò Adrian Guerra, onílù wọn àtijọ́ tó kú lọ́dún 2016. Ramúramù wà nínú rẹ̀, ohùn geere náà wà níbẹ̀, ó sì falẹ̀ ju ohun gbogbo tí a ti dárúkọ lọ. Alẹ́ Sátidé ni kí ẹ gbọ́ ọ, kí iná yàrá rẹlẹ̀, kí ohùn wà ní 60, kí fóònù sì wà ní yàrá kejì.